Omi Tútù Nínú Gbòǹgbò Eyín: Ìtàn àti Orúkọ Ìtọ́jú Kan

Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú láti fi omi tútù fọ inú gbòǹgbò eyín, wọ́n ti ń fi òtútù pa ìrora níbòmíràn lára. Larrey, oníṣẹ́-abẹ Napoleon, kíyè sí i lójú ogun Eylau ní 1807 pé àwọn ọmọ-ogun tí òtútù ti mú kì í jẹ̀rora púpọ̀ bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ wọn. Ní àárín ọ̀rúndún 19, James Arnott, ará Gẹ̀ẹ́sì, po yìnyín fífọ́ mọ́ iyọ̀, ó ń fi í pa ara kú kí ó tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Ti eyín yàtọ̀. Àwa a máa ní kòkòrò ń jẹ eyín. Àwọn ará Bábílónì sọ bẹ́ẹ̀, Yúróòpù náà sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1728, Pierre Fauchard, ará Faransé, sọ pé òun kò rí kòkòrò kankan. (Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹnu àwọn àgbà láre.)

Lóde òní, oníṣègùn eyín a yọ ẹran inú eyín tó ti bàjẹ́, a fọ ihò rẹ̀, a sì dí i. Javel ni olórí ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, irú omi tí Dakin àti Carrel fi ń fọ ojú ọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. «Dévitaliser» ni Faransé ń pe iṣẹ́ náà, bí ẹni pé a pa eyín. Orúkọ yìí ń tan aláìsàn jẹ: ó rò pé òkú kì í mọ ìrora. Ṣùgbọ́n ẹran tó yí ìdí gbòǹgbò ká wà láàyè, òun gan-an ló ń ro ènìyàn lóru ọjọ́ ìtọ́jú.

Ní 2015, Jorge Vera ti Mẹ́síkò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi iyọ̀ tó tutù dé 2.5°C fọ ihò eyín tí a ti fà yọ, fún ìṣẹ́jú 5. Ara gbòǹgbò náà fi ju 10°C lọ tutù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4. Eyín tí a ti fà yọ kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò tún mú un gbóná, nítorí náà èmi kò ka èyí sí ẹ̀rí tó tó. Ìdánwò 2018 ló tó: nínú 210 aláìsàn, àwọn tí wọ́n fi omi tútù fọ tiwọn jẹ̀rora kéré sí àwọn yòókù, oògùn tí wọ́n lò sì dín kù. Òtútù a máa sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì, kí ibẹ̀ má baà wú.

Báwo ni a ó ṣe pè é? Bí a bá túmọ̀ «cryothérapie» sí «ìtọ́jú òtútù», aláìsàn ní Kétu yóò gbọ́ ọ bí ìtọ́jú fún ẹni tí òtútù mú, nítorí àìsàn ni òtútù lẹ́nu wa. Tutù ni tiwa tó ń mú ara rọ̀. Mo fara mọ́ «fífi omi tútù fọ gbòǹgbò eyín», bó tilẹ̀ gùn.