Ìhòòhò, Aṣọ àti Àdúrà: Láti Ìwé Àwọn Júù dé Ilé Kéwú Ìlọrin

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Fate, bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ti mọ òfin kan láti kékeré: a kì í pe orúkọ Ọlọ́run nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń ṣe àdúrà kó tó fi ẹsẹ̀ òsì wọlé. Àwọn Júù náà ní irú òfin yìí. Ìta ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ tán. Ìbéèrè kan náà ló wà nídìí méjèèjì: báwo ni ara ṣe gbọ́dọ̀ wà kí ẹnu tó lè gbàdúrà?

Mishnah, àkójọ òfin àwọn Júù tí Rábì Judah ṣètò ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, fi àpẹẹrẹ dáhùn. Ọkùnrin kan wọ inú omi ní ìdájí láti wẹ ara rẹ̀ mọ́, àkókò Shema sì ń lọ. Bó bá lè jáde, kó bora, kó sì kà á kí oòrùn tó yọ, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kó fi omi náà bora, kó kà á níbẹ̀. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fi omi tó ń rùn bora. Àpẹẹrẹ kejì ni ti obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun, tó gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú àdúrà ìyìn. Bó tilẹ̀ wà níhòòhò, ó lè jókòó yà á, nítorí ìjókòó lè bo ìhòòhò rẹ̀. Ọkùnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn amòfin tó tẹ̀lé wọn ní ọkàn kò gbọdọ̀ rí ìhòòhò, nítorí náà ó yẹ kí nǹkan dínà láàárín àyà àti ìsàlẹ̀ ara. Ìdí nìyí tí àwọn Júù kan fi ń so ọ̀já mọ́ ìbàdí bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà títí dòní. Nínú Shulchan Aruch ti Joseph Karo, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Venice lọ́dún 1565, àdúrà àdúródúró gbà ju èyí lọ: àyà náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó ń gba àdúrà yẹn dà bí ẹni tó wà níwájú ọba.

Ní Ìlọrin, láti ìgbà Àlímì àti àwọn alùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, òfin Máálíkì ni wọ́n ń kọ́ nílé kéwú. Ìwé kékeré kan tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ́ nínú òfin yìí ni ti al-Akhdari, ọmọ Algeria. Ó ka bíbo ìhòòhò mọ́ ohun tí ìrun kò lè ṣe aláìní. Ti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo dé orúnkún. Ti obìnrin jẹ́ gbogbo ara àyàfi ojú àti ọwọ́. Kò dára kí ọkùnrin fi ṣòkòtò nìkan kírun láìsí nǹkan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá bíi tiwa, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ìhòòhò jẹ́ ipò. Àgbẹ̀ tó ró aṣọ mọ́dìí, tí kò wẹ̀wù, kò sí níhòòhò. Ṣùgbọ́n nílé kéwú, ìhòòhò ti di ibì kan lára, nítorí awrah ti èdè Lárúbáwá. Ẹni tó wọ agbádá ṣì ní ìhòòhò tirẹ̀. Ervah lédè Hébérù náà jẹ́ ipò, ó tún jẹ́ ibì kan lára. Nítorí náà, òfin ìrun kò béèrè ẹni tó ń wò wá. Kódà nínú yàrá òkùnkùn tí a ti tì, ẹni tó ń kírun gbọ́dọ̀ bora.

Síbẹ̀, al-Akhdari ní ẹni tí kò rí ohunkóhun fi bora, kó kírun níhòòhò. Mishnah ní tirẹ̀ wá ọgbọ́n tí omi fi di aṣọ.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ 10 pa ní Ìlọrin lórí híjáàbù. Àwọn ìjọ Kristẹni ló dá wọn sílẹ̀, ìjọba ló ń náwó lé wọn lórí. Ti ọmọbìnrin Mùsùlùmí, ẹ̀sìn rẹ̀ ló ní kó bora níwájú ènìyàn. Ti àwọn ìjọ, ogún àwọn tó kọ́ ilé náà ni wọ́n ń dáàbò bò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí láre lórí híjáàbù nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. A kò rò pé ìdájọ́ yẹn ti parí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn tó jọ ń jókòó nínú kíláàsì kan. Ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì tí a kà yìí wá aṣọ nítorí kí àdúrà má baà dúró. Ní Ìlọrin, nítorí aṣọ ni ẹ̀kọ́ ṣe dúró.