Ọkọ, Ọkọ́, Ọkọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Kí ìpàdé àkọtọ́ ti 1875 tó wáyé l'Ékòó la ti ń fi ẹ, ọ àti ṣ kọ̀wé. Kọ̀ǹpútà ló dé tó sọ ọ́ dìjà. Kí ni àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe fọ́ǹtì Yorùbá máa ń ṣe? Wọ́n á lé àmì kan kúrò, bíi #, wọ́n á ya ọ sí ipò rẹ̀. Ó ń dán lórí ẹ̀rọ tiwọn. Ẹ gbé e dé ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, "ọmọ" á di "#m#"!

Unicode jáde ní 1991. Nígbà tó fi máa di 1993, ẹ àti ọ ti ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀ (ká má purọ́, àwọn ará Vietnam la bá wọlé, àwọn náà ń lò ó). Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà kankan. Àmì ohùn ní láti gun lẹ́tà lórí. Wàhálà dé nìyẹn. Bí ẹni tó ya fọ́ǹtì bá fún àmì náà ní àyè bíi ti lẹ́tà, á ti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e síwájú, ọ̀rọ̀ kan á là sí méjì. Àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ibi tí àmì máa bà lé.

Nígbà tó sú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n yọ àmì dànù. Bí ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi ṣe di ọ̀kan náà nìyẹn.