Gírámà Gẹ̀ẹ́sì: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Òfin Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-kéú tó tún ń lọ sí ilé-ìwé òyìnbó. Wọ́n ní náhàwù Lárúbáwá ní ìdí, ṣùgbọ́n gírámà Gẹ̀ẹ́sì kò lórí, kò nídìí. Kí ló dé tí a ń sọ pé "I go", tó wá di "he goes"? Kí ló dé tí "book" ń di "books", tí "foot" kò sì di "foots"? Ìbéèrè gidi ni, ìtàn ló sì lè dáhùn rẹ̀.

Ní ayé àwọn bàbá wa àgbà, ẹjọ́ mìíràn ni wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì rò. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ní Èkó kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá gba ìwé, yóò gba ìrìbọmi. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé iṣẹ́ ọ́fíìsì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí èyí ni ìjọba, pẹ̀lú akitiyan Dókítà Edward Blyden, fi dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896. Ní ọdún 1923, àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Wọ́n ti rí i pé èdè yàtọ̀ sí ẹ̀sìn.

Gírámà pàápàá kì í ṣe ohun ìní ẹ̀yà kan. Sibawayhi tó kọ ìwé ńlá náhàwù Lárúbáwá ní Basra kì í ṣe Lárúbáwá. Ọmọ Páṣíà ni, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 796. Ó pín ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta: ismu, fi'ilu àti harfu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún èdè tiwọn nígbà náà. Gírámà Látìn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn, títí di ọdún 1586 tí William Bullokar tẹ gírámà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1653, John Wallis, onímọ̀ ìṣirò, kọ òmíràn kí àlejò lè rí Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó ní kò yẹ kí a fi òfin Látìn de Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ohun tó jọ i'irabu. Ìparí ọ̀rọ̀ ń yí padà bí ó bá jẹ́ olùwà, àbọ̀ tàbí ẹni tó ni nǹkan. Nígbà tó yá, àwọn ará Denmark àti Norway wá jagun, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ náà, Faransé sì di èdè ààfin fún nǹkan bí 300 ọdún. Gẹ̀ẹ́sì wá di èdè àwọn mẹ̀kúnnù, ọ̀pọ̀ ìparí ọ̀rọ̀ náà sì wọmi. Ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ló wá ń fi hàn ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí. Bí Yorùbá ṣe rí nìyẹn: "Ajá lé ọmọ" kì í ṣe "Ọmọ lé ajá".

Àwọn òfin tó ń yọ yín lẹ́nu, àjẹkù ìgbà náà ni. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń yí padà nígbà kan rí gẹ́gẹ́ bí olùwà bá ṣe jẹ́. Ti "he", "she" àti "it" nìkan ló ṣẹ́kù, ni a fi ń sọ pé "he goes". "Foot" tó di "feet" dà bí rajulun tó di rijaalun: inú ọ̀rọ̀ ló yí padà. "Thou" ni wọ́n ń pe ẹnì kan, "you" sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n wá ń fi "you" bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá, bí àwa ṣe ń sọ "ẹ" fún àgbà, títí "you" fi gbé "thou" mì. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé "you are" fún ọmọdé kan ṣoṣo.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kàn há òfin sórí. Ẹ béèrè pé: Ta ló ṣe é? Ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀? Ìgbà wo ló ṣe é? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni àfáà yín ń bi yín nínú náhàwù. Wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ní kí ọmọ fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.