Oògùn Egungun Kì í Ṣe ti Egúngún

Ní Ọ̀yọ́, Àjàyí Crowther ni wọ́n sọ yunifásítì kan. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907 ti di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen. Iṣẹ́ kan náà ló pa àwọn méjèèjì tó ni orúkọ yìí pọ̀: wọ́n kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé. Ti Crowther jáde ní 1843. Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, wọ́n sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ká ní wọ́n ṣì wà láyé ni, iṣẹ́ ì bá dúró dè wọ́n níbi tí àwọn aboyún ti ń gba oògùn. Hóró funfun ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń fẹ́ há sí ọ̀fun. Kálísíọ́ọ̀mù ni dókítà ń pè é. Oògùn egungun ni ọ̀pọ̀ aboyún mọ̀ ọ́n sí.

Orúkọ kejì yìí dùn létí, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sórí ànfílóòpù láìfi àmì sí i, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń kọ ọ́, kí ẹ wá fi lé èèyàn lọ́wọ́ ní ọdún eégún l'Ọ́yọ̀ọ́! Ẹ̀rín nìyẹn. Ibi tí kò ti pa ni lẹ́rìn-ín ni pé ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn yóò gbọ́ “oògùn egungun”, yóò gbà pé ti làkúrègbé ni, yóò sì jù ú sílẹ̀ bí ìrora kò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Aboyún ní tirẹ̀ yóò ní egungun kankan kò dun òun. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé torí rẹ̀ ní kí àwọn aboyún tí kálísíọ́ọ̀mù kò tó nínú oúnjẹ wọn máa lò ó ni pé ó ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù, èyí tó lè yọrí sí gìrì. Orúkọ tó ń tọ́ka sí egungun ti bo ìdí náà mọ́lẹ̀.

Àwọn kan lè ní kí a pè é ní ẹfun. Èrò náà kò burú: ní 1808 tí Humphry Davy sọ ọ́ lórúkọ, inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹfun tí wọ́n fi òkúta sun ló ti mú un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹfun ọjà wa jẹ́ amọ̀ funfun lásán, kálísíọ́ọ̀mù kò sí nínú rẹ̀ tó nǹkan. Aboyún tó ń fi ẹfun panu yóò wá rò pé òun ti lo oògùn òun. Ká fi kálísíọ́ọ̀mù sílẹ̀ bó ṣe wà. Tọ́ọ̀ṣì àti bẹ́ǹsínì ti wọlé bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro gan-an ni ti irú oògùn tó jẹ́. “Àfikún oúnjẹ” ni àwọn olùkọ́ máa ń sọ. Ẹni tó ń dáná lè bi yín bóyá kí òun rún un sínú ọbẹ̀ nìyẹn. Èènì ni òǹkọ̀wé yìí yóò mú. Kò sí ẹni tó ń dúró níwájú igbá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń tọrọ èènì láìra nǹkan: ó ní láti kọ́kọ́ wọn ọjà. Ọjà tí a ń sọ níhìn-ín ni wàrà tí àwọn Fúlàní ń kiri, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun. Bí ìyẹn bá tó, a lè máà nílò èènì. Bí kò bá tó, èènì á ṣiṣẹ́: ní Jos, ìwádìí kan tó jáde ní 1999 fi hàn lára ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀ pé kálísíọ́ọ̀mù ṣe wọ́n lóore ju fítámì D nìkan lọ. Oòrùn tó ń fún ara ní fítámì D kò wọ́n wọn. Oúnjẹ wọn ni kò ní kálísíọ́ọ̀mù tó.

Nọ́ńbà ara ike oògùn náà ń tan ni jẹ. Hóró tí wọ́n kọ 1250 mílígíráàmù sí lè jẹ́ ìwọ̀n kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì lódindi, nígbà tí kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ 500 péré. Ẹ̀pà eléèpo ni: ẹ wọn kóńgò kan, ẹ pa á, ẹ wo iye ọmọ tó kù. Kí ẹnikẹ́ni má pe ohun tó kù yẹn ní “ojúlówó kálísíọ́ọ̀mù” o! Ní ìlú tí ayédèrú oògùn ń dẹ́rù ba ni, ohun tí yóò sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn ni pé 750 yòókù jẹ́ ayédèrú. “Kálísíọ́ọ̀mù pọ́ńbélé” sàn jù.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà kò gbẹ́yìn. “Ẹ máa lò ó” kò sọ bóyá ẹnu ni tàbí ara. A ń mu àgbo, a ń gbé hóró mì, ṣùgbọ́n hóró kálísíọ́ọ̀mù kan wà tí a ní láti rún lẹ́nu. Bí nọ́ọ̀sì bá ní “ara kò gbà á”, ohun tí aláboyún gbọ́ ni pé kò bá òun lára mu. Ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ ni pé ìfun kò lè fa púpọ̀ mu lẹ́ẹ̀kan náà: bó bá kọjá nǹkan bí 500, ó ń ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín in. Oríṣi kábónéètì tún nílò omi kíkan inú ikùn, tó máa ń sun bí a bá ń jẹun, nítorí náà “lẹ́yìn oúnjẹ” kò tó. Lẹ́yìn oúnjẹ lè di wákàtí mẹ́ta. “Bí ẹ bá ṣe ń jẹun” ló yẹ.

Kálísíọ́ọ̀mù sì máa ń du ọ̀nà mọ́ oògùn mìíràn lọ́wọ́. Kí ó jìnnà sí oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ ní wákàtí bíi mélòó kan, kí ó jìnnà sí levothyroxine, oògùn àwọn tí ẹṣẹ́ tíróídì ọrùn wọn kò ṣiṣẹ́ tó, ní wákàtí mẹ́rin. Ẹ kọ “oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀” lódindi. “Oògùn ẹ̀jẹ̀” nìkan lè di ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àṣejù rẹ̀ lè fa òkúta inú kíndìnrín. Iwe ni Bíbélì Yorùbá pe ẹ̀yà ara yìí, àmọ́ lónìí, ti adìẹ ni púpọ̀ èèyàn mọ̀ sí iwe.

Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ànfílóòpù lè gba gbogbo rẹ̀: “Kálísíọ́ọ̀mù. Ẹ gbé hóró kan mì bí ẹ bá ṣe ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kí oògùn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn.” Bí aláboyún kan bá ní òun yóò gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ọ̀sán yóò jáde kúrò nínú ìlà yẹn, sààrì àti ìṣínu yóò wọlé, ẹni tó ń kọ ọ́ yóò sì ní láti padà lọ bi dókítà pé ibo ni kí hóró kẹta wọlé sí.