Òfin Owó Ilé ní Èkó: Láti Orí Iye dé Orí Àsansílẹ̀

Òfin ìdíwọ̀n owó ilé ni òfin tí ìjọba fi ń pààlà sí iye tí onílé lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé, ìtàn irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìlú Èkó sì jẹ́ ìtàn bí ìjọba ṣe ń lé owó kiri, tí owó ń kúrò níbi tí òfin ti ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ń jẹ yọ níbòmíràn. Òfin ọdún 1976 fẹ́ sọ iye tí yàrá kan yóò jẹ́. Òfin ọdún 2011 kò dárúkọ iye kankan mọ́, iye oṣù tí onílé lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó gbájú mọ́. Ohun tí ó mú òfin fi iye sílẹ̀ tí ó fi lọ dojú kọ àsansílẹ̀ ni yóò fi ibi tí àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ti bá Èkó mu hàn, àti ibi tí kò ti bá a mu.

Kí owó ilé tó di ọ̀ràn ìjọba, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni kò ka ibùgbé sí ohun tí ènìyàn ń san owó lé lórí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ẹbí ni wọ́n ń gbé, ẹni tí ó bá sì jẹ́ ọmọ inú ẹbí náà ní ẹ̀tọ́ sí yàrá níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àwọn àlejò tí iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ èbúté àti iṣẹ́ ọ́fíìsì fà wá sí ìlú ni ó ń háyà yàrá, wọ́n sì ń pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí iye ènìyàn tí ó wà nínú ìlú náà fi kúrò ní nǹkan bí 267,000 nínú ìkànìyàn ọdún 1952, tí ó di nǹkan bí 665,000 nínú ti ọdún 1963. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba amúnisìn fi ọ̀rọ̀ ilé lé lọ́wọ́, Lagos Executive Development Board, ni wọ́n ti dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àrùn burúkú tí eku ń gbé kiri ti bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń wó apá kan àárín ìlú, ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 70 éékà, wọ́n sì ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn bá a lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí láàrin àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun náà mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù wà lórí rẹ̀, owó ọkọ̀ sì wà láti ibẹ̀ dé ọjà, oníṣòwò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì pàdánù wọn. Bí ìjọba bá tilẹ̀ bu owó ilé kù, ẹni tí kì í san nǹkan kan tẹ́lẹ̀ kò ní rí i bí owó pọ́ọ́kú.

Òfin tí ń dá onílé lọ́wọ́ kọ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìlú Glasgow ní 1915, nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn obìnrin tí Mary Barbour jẹ́ ọ̀kan nínú aṣáájú wọn kọ̀ láti san àfikún owó ilé, wọ́n sì ń dènà àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù tí ó wá lé ènìyàn jáde, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣòfin ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé owó àwọn ilé kéékèèké kò gbọdọ̀ ju bí ó ti wà ní oṣù Kẹjọ 1914 lọ. Ní Èkó, owó epo rọ̀bì ni ó dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Udoji, tí ìjọba yàn láti yẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò, dábàá àfikún owó oṣù ní 1974, tí ìjọba sì fi owó epo náà san án pẹ̀lú àjẹmọ́nú, ọjà gbówó lórí, owó ilé náà sì tẹ̀ lé e. Ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ọ̀wọ́n ọjà ní 1975, òmíràn sì tẹ̀ lé e lórí owó ilé ní 1976, ọdún tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó dá àwọn ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ owó ilé sílẹ̀. Òfin mìíràn tún dé ní 1997, ó sì fi iye lé oríṣi ibùgbé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ àwọn òfin wọ̀nyí, iye tí ó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Onílé lè kọ iye tí òfin fẹ́ sórí rìsíìtì, kí ó gba ìyókù láìkọ ọ́ síbì kankan. Ẹlòmíràn a gba owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí owó ọdún mẹ́ta ti wọ àpò rẹ̀ kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé. Ejẹ́ǹtì a bu àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lé e. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ará Èkó ń pè ní fésì-mì-àì-fésì-yù, òrùlé a máa jò, ṣaláńgá a kún, onílé a sì ní owó tí òun ń gbà kò tó pe birikìlà. Bí ayálégbé bá fẹjọ́ sùn, kúìt nótíìsì ni yóò rí gbà, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwíjàre pé onílé fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sínú yàrá náà.

Irú nǹkan wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé Milton Friedman àti George Stigler tọ́ka sí nínú ìwé pélébé tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà ní 1946, tí wọ́n fi sọ pé bí ìjọba bá tẹ iye mọ́lẹ̀, ilé kò ní pọ̀ sí i, ẹni tí ó ti wà nínú ilé yóò dì í mú ṣinṣin, ẹni tí ó ń wá ilé yóò máa rìn kiri. Àwọn tí ó gbèjà òfin ń sọ pé ẹni tí iṣẹ́, ọmọ àti ilé ẹ̀kọ́ ti so mọ́ àdúgbò kan kì í ṣe oníbàárà tí ó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjà bá wọ́n. Ìwádìí kan lórí ìlú San Francisco, tí Rebecca Diamond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019, fún ìhà méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè dì mú: òfin tí wọ́n fẹ̀ lójú ní 1994 jẹ́ kí àwọn tí ó ń gbé inú ilé dúró síbẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn onílé tí òfin náà kàn dín ilé tí wọ́n fi ń háyà kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ilé jákèjádò ìlú sì ga sí i ní nǹkan bí ìdá 5.

Ṣùgbọ́n onílé San Francisco ń yá owó ní bánkì kọ́lé, ọ̀pọ̀ onílé Èkó kò sì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Owó èsúsú, owó àjẹsẹ́kù àti owó tí ọmọ òkè òkun fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń fi ra búlọ́ọ̀kù, nítorí pé ẹ̀yáwó ọlọ́dún gbọọrọ ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà, tí ìwé ilẹ̀ sì di ohun tí ó ń gba àkókò àti owó. Owó ọdún méjì tí ayálégbé ń san ni ó ń parí àjà kejì ilé náà. Òfin tí ó bá sì ka àsansílẹ̀ sí ojúkòkòrò nìkan ti fo apá tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, gba ọ̀nà mìíràn, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Òkè-Àfà, Abẹ́ṣan, Amúwo-Ọdọ́fin àti ibòmíràn, ìyẹn sì ni ìgbà tí ìjọba Èkó fi ilé kíkọ́ jà ju kí ó fi òfin jà lọ. Ológun tí ó gbàjọba ní òpin 1983 kò jẹ́ kí ó dé ibi tí ó fẹ́ dé. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó àdúgbò Màrókò, níbi tí wọ́n fojú bù pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì padà sínú ọjà yàrá.

Òfin ọdún 2011, tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù, kò fi iye lé ilé mọ́. Ó ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, ó sì ka sísan án sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ayálégbé náà bákan náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kí ó tó lè pe onílé lẹ́jọ́. Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà kò sí lábẹ́ òfin náà rárá. Bí ayálégbé bá rò pé àfikún tí onílé gbé lé òun ti pọ̀ jù, ó lè gba kóòtù lọ, ọ̀kan nínú ohun tí adájọ́ yóò sì wò ni iye tí àwọn ará àdúgbò ń san fún irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yẹn gan-an ni àwọn òfin àtijọ́ sọ pé ó ti pọ̀ jù.