Ìdá Méjì Nínú Mẹ́ta Kánò: Ẹ̀kọ́ Ìdìbò Tí A Kọ́ Ní Kíláàsì

 Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan láàárín wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ sí ìsọ̀ wa. Ó ní tíṣà kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń dìbò, ó sì ní kí àwọn fi ìwé pélébé dìbò yan mọ́nítọ̀ kíláàsì. Orúkọ tirẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n fà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìbò, ọmọ kan dìde, ó ní kí wọ́n má dìbò fún un torí kì í ṣe ará ibí. Ni ọmọ wa bá bi wá pé, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé a kì í ṣe ará ibí?"

Àgbàlagbà márùn-ún la jókòó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tètè fèsì. Ìyá àgbà kan ló wá sọ pé, "Má dá wọn lóhùn, a ó padà sílé lọ́jọ́ kan." Ọmọ náà dákẹ́, àwa náà dákẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ wá lọ́kàn, tí a sì ń rántí ohun tí àwa fúnra wa kọ́ nígbà tí a wà ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọmọ UPE ni wá. Oṣù kẹsàn-án 1976 ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì káàkiri Nàìjíríà. Nílé lọ́hùn-ún kì í ṣe nǹkan tuntun, torí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn láti oṣù kìíní 1955. Ní Àríwá níbí ńkọ́? Àwọn ọmọ ya wọ kíláàsì bí àgbàrá òjò. Àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tíṣà ò sì kárí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè tí Felicia Adébọ́lá Adédoyin kọ wọ ilé ẹ̀kọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "pledge". Àràárọ̀ la fi ń kà á, ọwọ́ láyà, ojú sí àsíá.

Nínú Social Studies ni wọ́n ti ń kọ́ wa nípa ìjọba. Tíṣà á ní ẹ̀ka mẹ́ta ni ìjọba ní: àwọn aṣòfin ń ṣe òfin, àwọn aláṣẹ ń mú òfin ṣẹ, ilé ẹjọ́ ń túmọ̀ òfin. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, pàṣán ni. Ẹ wá wò ó o: ológun ló ń ṣàkóso nígbà yẹn, kò sí ilé aṣòfin kankan ní gbogbo Nàìjíríà! Ohun tí kò sí ni wọ́n ń kọ́ wa, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Síbẹ̀ a há a sórí.

Ìgbà tó di 1979 ni omi wá dé. Láti ọjọ́ keje oṣù keje títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, ìdìbò márùn-ún ni wọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló jáde, oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ ibi tí yóò tẹ̀ka sí. UPN gbé ògùṣọ̀, NPN ya ilé àti àgbàdo, PRP ti Mallam Aminu Kano mú kọ́kọ́rọ́. Àwa ọmọdé mọ àmì wọ̀nyí ju tábìlì ìsọdipúpọ̀ lọ. A ó lu agolo mílíìkì lójú, a ó sọ ọ́ di àpótí ìbò, ìdérí ìgò mínírà ni ìbò wa. Ẹni tó bá ní agolo ni FEDECO, ohun tó bá kéde labẹ́ gé.

Nǹkan kan wà tí a rí tí a ò mọ bó ṣe tóbi tó nígbà náà. Àwọn ìyá Haúsá tó wà ládùúgbò jáde wá tò láti dìbò. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkùnrin nìkan ni òfin gbà kó dìbò ní Àríwá, nígbà tí àwọn ìyá wa ní Ìwọ̀ Oòrùn ti ń dìbò láti àwọn ọdún 1950. Ọdún 1979 ni ìdìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin Àríwá kópa nínú rẹ̀. Kò sí ìwé Social Studies tó kọ́ wa ní ìyẹn, ojú wa la fi rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Kánò nìyí. Òfin ní ẹni tí yóò di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Shehu Shagari ní ìbò bíi mílíọ̀nù 5.7, Awólọ́wọ̀ ní bíi mílíọ̀nù 4.9. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí tó ga jù nínú èyí tó kù ni Kánò, níbi tí ìbò rẹ̀ kò ti pé ogún nínú ọgọ́rùn-ún.

Tíṣà wa kọ 19 sójú pátákó, ó ní ká pín in sí mẹ́ta ká mú méjì. A ṣe é títí, a rí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọmọ kan wá bèèrè pé, "Sà, báwo ni wọ́n ṣe ń gé ìpínlẹ̀ bí ẹni gé àgbọn?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìpínlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé náà lẹ jókòó sí yìí."

Awólọ́wọ̀ ní ìpínlẹ̀ ò ṣeé gé, pé 13 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ọmọ Ìbàdàn, ló rò ó fún Shagari pé ó ṣeé gé. Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣírò, ọlọ́jà kì í sá fún ìṣirò. Ìbò tí wọ́n dì ní Kánò lé ní 1,220,000. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ bíi 814,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn jẹ́ bíi 203,000. Shagari sì ní ìbò tó lé ní 243,000 ní Kánò. Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn tó fi yọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Shagari láre, ó sì gba ọ̀pá àṣẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹni tó jàre sílẹ̀, ìyẹn ti di ìtàn. Ohun tí ọmọ kíláàsì kẹrin gbọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ìbò tí wọ́n dì ní Kánò, ládùúgbò tirẹ̀, lè di ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà. Tíṣà kọ́ wa tán. Ilé la dé tí wọ́n ti kọ́ wa ní òdìkejì rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní, "Àlejò ni wá o, ẹ má dá sí i." A ò lè bá wọn wí, torí wọ́n ti rí ohun tí ojú rí. Wọ́n rí 1966, wọ́n rí ohun tó bá àwọn aládùúgbò wọn tó jẹ́ Ìgbò. Lára wọn wà tí wọ́n ti Ghánà sá bọ̀. Oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kẹ́rù. Àwọn ọlọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin tó ti bímọ, tó ti kọ́lé síbẹ̀, fi ọjà sílẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ṣe, yóò máa bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn ni a sì jogún. Nígbà tí wọ́n dìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 1993, ọmọ Kánò gidi ni Bashir Tofa, síbẹ̀ MKO Abíọ́lá ló ní ìbò tó pọ̀ jù ní Kánò. Ẹ ò rí i bí? Àwọn ará ibí dìbò fún ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n fi ọmọ tiwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Babangida fagi lé ìdìbò náà, ọ̀pọ̀ wa di ẹrù, a kó ọmọ lọ sílé. Ohun tí àwọn ọmọ rántí ni gáréèjì àti ẹrù lórí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ fún wọn bí Kánò ṣe dìbò.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú Civic Education wọ pírámárì. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, ojúṣe ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ òṣèlú, INEC, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n kà. Kí ni wọ́n wá ń rí lọ́wọ́ wa? Bí ìdìbò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, a ó ti ìsọ̀, a ó gba gáréèjì lọ. Àwọn kan fi orúkọ sílẹ̀ nílé, àmọ́ wọn ò lè lọ, torí owó ọkọ̀. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ níbí sì jókòó sílé. Ní 2023, àwọn tó lórúkọ nínú ìwé INEC lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò yan ààrẹ kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tọ́jú oko, kí ló fẹ́ rù bọ̀ wálé?

Kánò kì í ṣe Ghánà. Abala 77 ìwé òfin 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó ń gbé ní Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò. Kò béèrè ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Ẹ sì wo orúkọ àdúgbò wa, Sabon Gari. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀rọ̀ kan náà la gé kúrú nílé tó di Sábó. Ọmọ Haúsá tí wọ́n bí sí Sábó Ìbàdàn ń dìbò níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó tọ́ sí i lọ́hùn-ún ló tọ́ sí ọmọ wa níbí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa kọ́ àwọn ọmọ wa láti kékeré. Ẹ fi káàdì ìdìbò yín hàn wọ́n. Ẹni tí káàdì rẹ̀ wà nílé, INEC gbà kó gbé e wá síbi tó ń gbé. Ẹ má sì fi kún ọjọ́ orí ọmọ kó lè gba káàdì, torí ọmọ tó bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdìbò, irọ́ ni yóò pe ìdìbò.

Ní ọjọ́ kejì, a pe ọmọ yẹn. A sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni, ilé rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kó má gbàgbé. A sì sọ fún un pé ará ibí náà ni, torí ibí ni wọ́n bí i sí, ibí ló ti ń kàwé, ibí ni bàbá rẹ̀ ti ń san owó orí. A wá bi í bí ìdìbò náà ṣe lọ. Ó ní òun kò wọlé. Ìbò mẹ́sàn-án lòun ní, ẹni tó wọlé ní mẹ́rìnlélógún. A ní ṣé ó dùn ún? Ó ní ó dun òun díẹ̀, àmọ́ nínú àwọn mẹ́sàn-án tó dìbò fún òun, Haúsá ló pọ̀ jù, òun á sì tún jáde ní táàmù tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka pírámárì ní Àríwá lásìkò 1979, kí ni tíṣà yín sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà. Ọjà á tà o.