Akọ àti abo yàtọ̀ sí ipò: ohun tí jẹ́ńdà túmọ̀ sí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ogún pínpín, tàbí ti owó ilé ìwé tí kò tó fún gbogbo ọmọ, àwọn kan yóò ní obìnrin ṣá ni lágbájá, wọn yóò sì fi bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Èwo gan-an nínú ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni Ọlọ́run dá, èwo sì ni ọmọ aráyé gbé kalẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ jẹ́ńdà.

Àwọn onímọ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni akọ àti abo, èyí tí ẹ̀dá gbé wá: obìnrin ló ń lóyún, òun ló ń fún ọmọ lọ́mú. Èkejì ni jẹ́ńdà, ìyẹn iṣẹ́, ẹ̀tọ́ àti ipò tí àwùjọ so mọ́ akọ tàbí abo. Simone de Beauvoir, òǹkọ̀wé ará Faransé, gbé irú èrò yìí jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1949. Aṣọ híhun jẹ́ àpẹẹrẹ nílé. Láyé àtijọ́, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́, obìnrin ló ń hun kíjìpá fífẹ̀ lórí òfì olóòró. Lónìí, obìnrin náà ti wà nídìí òfì tẹ́ẹ́rẹ́. Ara obìnrin kò yí padà. Àṣà ló yí.

Lọ́dún 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kọ ìwé The Invention of Women. Ó ní kí òyìnbó tó dé, ipò àgbà ló ń to ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ó fi èdè ṣe ẹ̀rí: “ó”, “ẹ̀gbọ́n” àti “àbúrò” kò sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin là ń wí. Nínú agbo ilé, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí síbẹ̀ kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí i, ìbáà ṣe ọmọbìnrin kékeré. Ìdí nìyí tí ìyàwó kì í fi í pè wọ́n lórúkọ, tó ń pè wọ́n ní Awẹ́lẹ́wà, Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Akọ̀wé.

Àwọn kan kò gbà fún un. Bibi Bakare-Yusuf, tó wà lára wọn, ní ohun tí kò hàn nínú èdè lè wà nínú ìgbé ayé, ipò àgbà sì lè bo ìnilára mìíràn mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ogún fi hàn pé apá méjèèjì ló ní ẹ̀rí. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ, obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ẹbí bàbá rẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin. Ilé ẹjọ́ fìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 1924 nínú ẹjọ́ Lopez. Gẹ́gẹ́ bí opó, àṣà kò fún un ní nǹkan kan nínú dúkìá ọkọ, torí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Obìnrin kan náà ni, ipò ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu lọ́dún 1957, ilé ẹjọ́ sọ pé lábẹ́ àṣà, opó fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ẹbí ọkọ ń jogún. Kò sí ẹni tó ń jogún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ìgbéyàwó kóòtù àti òfin Ìsìláàmù ní tiwọn yọ̀ǹda ìpín fún opó; ti Ìsìláàmù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá fi sílẹ̀.

Èrò àti ìjà láti tún irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n ń pè ní fẹ́mínísíìmù. Kì í ṣe ìkórìíra ọkùnrin, kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946. Wọ́n kọ̀ láti máa san owó orí nígbà tí wọn kò ní aṣojú níbi tí wọ́n ti ń ná an. Wọ́n jà títí Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Ọdún 1950 ló tó padà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún opó pé àṣà ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé: láti ìgbà wo, ta ló gbé e kalẹ̀, ta ló sì ń jẹ èrè rẹ̀?